Ohùn Ta Ni A Ń Gbọ́? Ewì Ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ewì Ìfẹ́ Yorùbá láti Ìgbà dé Ìgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti dorí kodò. Àwọn ọmọ ti pẹ́ ní oko baba ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé baba tiwọn kò dáko rárá. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó àti Ọ̀tùn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá lè máa fi ìka ka àwọn ìgbà tí ewì ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì là kọjá, láti ìgbà Shakespeare títí dé ìgbà Keats. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè nípa ewì ìfẹ́ Yorùbá, èsì tí ó sábà máa ń wá sí i lẹ́nu ni pé Yorùbá kò ní irú ewì bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n fẹ́ gbèjà Yorùbá, ṣùgbọ́n tí wọ́n gba ọ̀nà òdì. Àwọn wọ̀nyí a máa kọ ọ́ pé ẹkún ìyàwó ni sónẹ́ẹ̀tì tiwa, pé kò sí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní tí Yorùbá kò ní. Bí a bá wo àṣìṣe méjèèjì dáadáa, a ó rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni àkọ́kọ́ fi wọn Yorùbá tí ó fi ní kò sí. Òṣùwọ̀n yẹn kan náà ni ẹni kejì fi wọ̀n ọ́n tí ó fi ní ó wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó lè yọ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ọ̀fìn méjèèjì: ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ohùn ta ni a ń gbọ́ nínú ewì ìfẹ́, ta sì ni ohùn náà ń bá sọ̀rọ̀?

Ewì Ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: Ọkùnrin Ń Sọ̀rọ̀, Obìnrin Dákẹ́

Ìtàn ewì ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí Thomas Wyatt àti Earl ti Surrey mú sónẹ́ẹ̀tì, èyí tí í ṣe ewì onílà mẹ́rìnlá, wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì láti Ítálì. Petrarch, ẹni tí ó gbé ayé láti 1304 sí 1374, ni wọ́n ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tí ó pè ní Laura ni Petrarch fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ ewì lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ obìnrin náà. Àṣà tí èyí fi lélẹ̀ ni pé ọkùnrin ni yóò máa sọ̀rọ̀. Obìnrin yóò jìnnà bí ìràwọ̀, yóò tutù bí yìnyín, kò sì ní fèsì. Nígbà tí Richard Tottel tẹ àkójọ àwọn ewì bẹ́ẹ̀ jáde ní 1557, ẹ̀nà náà ti di ti gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ pe ara rẹ̀ ní akéwì.

Nínú ẹ̀nà yìí ni ìyípadà ti ń ṣẹlẹ̀. Shakespeare, tí sónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ 154 jáde ní 1609, kọ 126 àkọ́kọ́ nínú wọn sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ó tún kọ èyí tí ó fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn àfiwé tí àwọn akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó jọ lórí ẹwà obìnrin. John Donne, tí a tẹ ewì rẹ̀ jáde ní 1633 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pa ìràwọ̀ àti òdòdó tì. Ó fi ọkàn olólùfẹ́ méjì tí ìrìn-àjò yà nípá wé ẹsẹ̀ méjì kọ́ńpáàsì tí a fi ń ya òbìrí. Ọ̀rúndún kejìdínlógún fẹ́ràn làákàyè àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Nígbà tí ó fi máa di ìparí rẹ̀, Robert Burns ní Scotland àti àwọn akéwì tí ó tẹ̀ lé e ti dá ewì ìfẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ ọkàn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, àti sí ọ̀dọ̀ koríko, ẹyẹ àti odò.

Àfiwé yí padà, èrò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kò yí padà. Lóòótọ́, Lady Mary Wroth ti tẹ sónẹ́ẹ̀tì ìfẹ́ tí obìnrin ń sọ jáde ní 1621. Awuyewuye dìde lórí ìwé tí wọ́n wà nínú rẹ̀, a kò sì tún un tẹ̀ mọ́ nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1850 ni sónẹ́ẹ̀tì 44 tí Elizabeth Barrett Browning kọ sí ọkùnrin tí ó di ọkọ rẹ̀ jáde, tí ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1881, Christina Rossetti tẹ sónẹ́ẹ̀tì 14 kan jáde tí ó fi ẹnu fún irú obìnrin aláìlórúkọ tí àwọn akéwì ọkùnrin ti ń yìn kí ìgbà Petrarch tó dé. Bí a bá ka ọdún láti 1557 dé 1850, ó kù díẹ̀ kí ó tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ẹni tí a ń yìn tó fèsì kí ayé sì gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú kókó yìí dání ti mọ ohun tí ó ju orúkọ àwọn ìgbà lọ.

Ohun tí Yorùbá Ń Pè ní Ìfẹ́

Kí a tó bọ́ sí orí ewì Yorùbá, ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ tí ewì náà dúró lé. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, fẹ́, ni Yorùbá ń lò nígbà tí ènìyàn bá ń wá nǹkan, nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ẹnìkan, àti nígbà tí ó bá gbé ẹni náà níyàwó. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún mẹ́ta. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan. Laura kò di aya Petrarch, nínú àìrí-ẹni-tí-a-fẹ́ yìí ni ewì ti hù. Ní ọ̀dọ̀ Yorùbá, ìfẹ́ tí kò dé ilé ọkọ kò tí ì di odindi. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá ewì ìfẹ́ Yorùbá tí ó sì yẹra fún ewì ìgbéyàwó, ńṣe ni ó ń wá ẹja lórí òkè.

A tún lè wo bí èdè méjèèjì ṣe ń yin ẹwà. Oòrùn, ìràwọ̀ àti yìnyín ni sónẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn, àwọn ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ kò tó. Eyínfúnjowó, ìbàdí àrán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ni Yorùbá ń wí. Owó ẹyọ, aṣọ àrán, iyùn àti sẹ̀gi, nǹkan tí a ń fọwọ́ kàn, tí a ń rà, tí a ń tọ́jú sínú àpótí, ni Yorùbá fi ń ṣe àfiwé. Ẹni tí a jọ ń gbé ilé ni a ń fi wọ́n yìn, a kì í fi wọ́n yin ẹni tí ó wà lókè ọ̀run.

Ìgbà Ewì Alohùn: Ẹnu Obìnrin Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Ẹni tí ó bá ní Yorùbá àtijọ́ kò mọ ewì ọkọ tí ó ń ṣàárò aya, kí ó lọ ka ìtàn Ìwà nínú ẹsẹ Ifá tí Wándé Abímbọ́lá ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1975. Ìwà ni aya Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà kò tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, obìnrin náà sì kó jáde. Ìgbà tí ó lọ tán ni ọkọ mọ ohun tí ó sọnù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti ilé awo kan dé òmíràn, ó ń fi orin béèrè aya rẹ̀. Àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìwà rere nìkan, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewì ìfẹ́ ni pẹ̀lú, àròkàn ọkùnrin tí ó pàdánù olólùfẹ́ nípa ẹ̀bi ara rẹ̀.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹnu obìnrin ni ewì tí ó jẹ mọ́ ìfẹ́ àti ìgbéyàwó ti gbilẹ̀ jù. Ìyàwó ilé ni ó ń fi oríkì kí ọkọ ní òwúrọ̀. Ìyá ni ó ń fi oríkì tu ọmọ nínú. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, ọmọge tí ó ń lọ sílé ọkọ ni ó ń sun ẹkún ìyàwó, tí àwọn kan ń pè ní rárà ìyàwó. Karin Barber ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Òkukù nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin. Ọmọge náà yóò ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sun; nígbà tí ọjọ́ bá pé, yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé àwọn ìbátan rẹ̀. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti baba, yóò tọrọ ìre, yóò dágbére fún ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ nípa ilé tí ó ń lọ jáde láìfi bò.

Ní Èkìtì, alámọ̀ ni ewì alohùn tí a mọ agbègbè náà mọ́, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn apohùn rẹ̀. Ẹnìkan a máa léwájú, àwọn yòókù a sì máa gbè. A ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àgbà àti níbi oyè jíjẹ. Nítorí pé alámọ̀ kì í ṣe ti ìgbéyàwó nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ẹkún ìyàwó Èkìtì ni. Ohun tí ó da àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé obìnrin ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, àwùjọ ń gbọ́, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó pa ẹnu mọ́.

Níbí ni ó yẹ kí a ti sọ òtítọ́ fún àwọn tí ó ń pe ẹkún ìyàwó ní sónẹ́ẹ̀tì. Ọkọ kò pọ̀ nínú ẹkún ìyàwó. Ìyá, baba, ẹgbẹ́, ilé àti orílẹ̀ ni ọmọge ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá mẹ́nu ba ilé ọkọ, ìbẹ̀rù orogún àti ẹbí ọkọ ni ó sábà máa ń jẹ jáde. Ẹni tí ó bá ní kí ewì ìfẹ́ máa yin olólùfẹ́ nìkan kò ní rí ohun tí ó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó sọ ohun kan tí sónẹ́ẹ̀tì kò sọ, èyí ni iye tí ìfẹ́ ń ná obìnrin. Ó ń fi ilé kan sílẹ̀ kí ó tó wọ òmíràn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbára ewì náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fi orúkọ àlejò bò ó mọ́lẹ̀.

Ìgbà Ìwé: Kálàmù Bọ́ Sọ́wọ́ Ọkùnrin

Láti 1859 tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń rí ojú ewé tí yóò máa jáde déédéé. Ní ọ̀rúndún ogún, ewì wọ inú ìwé. Dẹ́ńrelé Ọbasá, tí ó dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927. Ìwé kejì jáde ní 1934, ìkẹta ní 1945. Òwe, ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́ nípa ìwà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkùnrin ni òǹkọ̀wé, ohùn àgbà sì ni ohùn rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba nípa ohun tí ìgbà yìí ṣe fún ohùn obìnrin wà nínú ìtàn àròsọ. Láàrin 1929 àti 1930, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Obìnrin ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà náà, ó ń ka àwọn ọkùnrin tí ó ti fẹ́, ó ń rántí adùn ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó mú kálàmù dání. Àìsàn àti àbámọ̀ ni ó fi obìnrin náà sí, kí àwọn ọmọge tí ó ń ka ìwé ìròyìn lè kọ́gbọ́n. Ọmọge inú ẹkún ìyàwó ń sọ ìbẹ̀rù ara rẹ̀. Sẹ̀gilọlá ń sọ ìkìlọ̀ ẹlòmíràn.

Kí ni ó fa ìyípadà yìí? Kì í ṣe pé ọkàn Yorùbá gbẹ. Ẹni tí yóò ra ìwé ni ó yí padà. Àwọn ìjòyè ààfin ni sónẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń rìn láàrin wọn ní àkọsílẹ̀ ọwọ́, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó gbà á. Àgbà ń kọ ọ́ sí àgbà. Ewì àpilẹ̀kọ Yorùbá ní tirẹ̀ dàgbà nínú kíláàsì. J. F. Ọdúnjọ, tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ nípasẹ̀ Aláwìíyé, tẹ Àkójọpọ̀ Ewì Aládùn jáde ní 1961. Àádọ́ta Àròfọ̀ ti Afọlábí Ọlábímtán tẹ̀ lé e ní 1969. Ìwé tí olùkọ́ yóò kà fún ọmọdé, tí alákòóso yóò sì fọwọ́ sí, kò lè ṣe kí ó má fi ìmọ̀ràn ṣáájú ìfẹ́. Bí a bá rí obìnrin arẹwà nínú irú ewì bẹ́ẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mọ̀ pé ìwà ni ìlà tí ó kàn yóò béèrè.

Rédíò, Àwo Orin àti Alága

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1959, tún gbé ewì padà sí ohùn. Adébáyọ̀ Fálétí, Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Ọlánrewájú Adépọ̀jù di ẹni tí a ń gbọ́ nínú ilé, àwọn méjì ìkẹyìn sì kó ewì sínú àwo. Ọ̀rọ̀ ìlú àti ìmọ̀ràn ni a fi mọ̀ wọ́n jù. Ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin wá ilé mìíràn lọ, inú orin jùjú ni ó fi ṣe ibùgbé. Nígbà tí I. K. Dairo ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kọ orin rẹ̀ sí Salome ní àwọn ọdún 1960, ọkùnrin dúró ní gbangba, ó pe olólùfẹ́ rẹ̀ lórúkọ, ó bẹ̀ ẹ́. Salome kò fèsì. Kí a sọ ọ́ kí ó yé wa: lẹ́yìn tí obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọ̀rọ̀ sọ nínú sónẹ́ẹ̀tì, orin ìfẹ́ Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó sí ibi tí Petrarch ti dìde.

Ohùn obìnrin kò kú. Ó kúrò lẹ́nu ìyàwó ni. Bí ìgbéyàwó ṣe ń wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí ọmọge fi ń kiri ojúlé àwọn ìbátan ń dín kù. Lónìí, níbi ìdána, ní Ìkọ̀lé gẹ́gẹ́ bí ní Èkó, alága ìdúró ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé ọkọ, alága ìjókòó ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé ìyàwó. Obìnrin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, owó ni a sì fi ń bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Wọ́n ń ki oríkì, wọ́n ń dá orin, wọ́n ń pa àwàdà. Wọ́n a ka lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ìyàwó ń jó wọlé, ó ń kúnlẹ̀, ó ń mú ẹ̀bùn kan láàrin ẹrù ìdána. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Alága mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwùjọ sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ni a bẹ̀ ẹ́ wá ṣe. Ìbẹ̀rù ọmọge, tí í ṣe egungun ẹ̀yìn ẹkún ìyàwó, kò ní ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ mọ́.

Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò bá bi léèrè nípa ìyípadà ewì ìfẹ́ kò gbọdọ̀ to ìgbà Yorùbá lé ìgbà Gẹ̀ẹ́sì lórí bí ẹni to àkàsọ̀. Ìgbà kì í ṣe àkàsọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ewì ìfẹ́ rìn láti ìdákẹ́ obìnrin lọ sí èsì rẹ̀. Ní Yorùbá, ó rìn láti ọ̀rọ̀ obìnrin lọ sí ìdákẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gba ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ẹ̀yà ewì, kí ó sọ ẹni tí ó ń ké e, ẹni tí a ń ké e sí àti ibi tí a ti ń ké e, kí ó tó bọ́ sórí àfiwé àti àwítúnwí. Ìdáhùn tí ó bá ṣe èyí yóò ta yọ èyí tí ó kó orúkọ akéwì ogún jọ.

Ti olùkọ́ Àríwá Èkìtì tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka-èdè ni a ń ké alámọ̀; nínú rẹ̀ ni ilé ti ń jẹ́ ulé, tí iṣu ń jẹ́ uṣu. Ọmọ tí a bá ń nà nítorí pé ó sọ ulé nínú kíláàsì kò ní gbàgbọ́ pé ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ń ké jẹ́ lítíréṣọ̀. Láti 2011 tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, ọmọ ibi gbogbo ni ó ń pàdé ní ìgboro ìlú méjèèjì. Yorùbá àjùmọ̀lò àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àkókò ń lọ. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan tó láti bẹ̀rẹ̀: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá obìnrin àgbà kan nínú ìdílé rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí a ń ké nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ, kí ó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí a fi ké e, láìtún un ṣe.

Nígbà tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lórí tábìlì olùkọ́, kò ní sí ẹni tí yóò tún kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé Yorùbá kò ní ewì ìfẹ́. Bí àwọn obìnrin àgbà wọ̀nyí bá sì kọjá lọ kí a tó bi wọ́n, èsì tí kò tọ̀nà yẹn ni yóò kù sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kò sì ní sí ohun tí a ó fi já wọn nírọ́.